Bí A Ṣe Ń Ya Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Ẹyin Adìyẹ ní Ẹ̀yìnkùlé

Adìyẹ ìbílẹ̀ kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìséyìn tó sàba lórí ẹyin 11 nínú agbọ̀n ògbólógbòó kan tí a gbé sí igun ilé ìdáná. Nígbà tó pé ọjọ́ 21, ọmọ méje jáde. Ní ọjọ́ kejì sí i, ìyá wọn kó wọn jáde lọ jẹ̀, ó sì fi ẹyin mẹ́rin sílẹ̀ nínú agbọ̀n. Òbu ni a pe ẹyin mẹ́rin yìí, a ò sì wo ẹ̀yìn wọn. Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́jọ́ kejì kí màmá mi tó mú ọ̀kan nínú wọn, tó gbé e sí etí, tó sì rọra fọ́ ọ. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti rí pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n òtútù òru ti pa á. Màmá wo èèpo tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Ta ló kó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ mọ́ ti adìyẹ?" Èmi ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀." Ọjọ́ yẹn ni wọ́n jókòó tì mí, tí wọ́n sì kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé síbí.

Adìyẹ a máa sàba fún ọjọ́ 21 kí ọmọ rẹ̀ tó jáde, ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ tí ọ̀pọ̀ wa ń sìn ní ilẹ̀ Yorùbá ń lo nǹkan bí ọjọ́ 35. Bí a bá kó ẹyin méjèèjì sábẹ́ adìyẹ kan ní ọjọ́ kan náà, ti adìyẹ ni yóò kọ́kọ́ pa, ìyá yóò tẹ̀lé ọmọ tó ti jáde, ti pẹ́pẹ́yẹ yóò sì kú sínú èèpo nígbà tó ku odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọjọ́ tí ẹyin bá bọ́ sílẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a ti mọ ẹyẹ tó yé e, kí a sì ti kọ ọ́ sí i lára. Bí ẹyin bá ti dàpọ̀ nínú abọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ náà yóò le. Kò sì sí àmì kan ṣoṣo tí a lè gbára lé pátápátá. Ẹ jẹ́ kí àmì méjì tàbí mẹ́ta fẹnu kò kí ẹ tó dájọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹyẹ tí ẹ ń sìn

Kí ẹ tó wo ẹyin rárá, ẹ wo ẹyẹ tó ń yé e. Pẹ́pẹ́yẹ tó wọ́pọ̀ ní àgbàlá wa ni èyí tí ẹran pupa ṣùpọ̀ sí ojú rẹ̀, tí akọ rẹ̀ tóbi ju abo lọ dáadáa, tí kì í pariwo bí kò ṣe pé kó máa mí hìì-hìì. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù àti ti Àárín ni irú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ẹyin rẹ̀ a máa wọn nǹkan bí gíráàmù 70 sí 80, àwọ̀ rẹ̀ sì lè funfun, ó lè dà bí àwọ̀ ẹ̀kọ tó ti tutù, tàbí kó ní àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀ lára. Irú pẹ́pẹ́yẹ kejì ni àwọn tí ń ké kuá-kuá, tí àwọn kan ń rà láti oko àwọn ọlọ́sìn ńlá. Ọjọ́ 28 ni ẹyin tiwọn ń lò kó tó pa. Ẹ má ṣe fi ojú kan náà wo oríṣi méjèèjì, nítorí ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn lábẹ́ ẹyẹ tó ń sàba.

Ní ti adìyẹ, ìbílẹ̀ ni àbí àgíríìkì? Ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ kéré, ó sábà máa ń wọn nǹkan bí gíráàmù 35 sí 45, nítorí náà ẹni tí kò ní ju adìyẹ ìbílẹ̀ àti pẹ́pẹ́yẹ olójú pupa lọ kò ní ìṣòro púpọ̀: ẹyin pẹ́pẹ́yẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti adìyẹ. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí adìyẹ àgíríìkì bá wà láàárín wọn. Ẹyin tirẹ̀ a máa wọn gíráàmù 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó bá sì ní pupa méjì nínú lè tóbi ju ti pẹ́pẹ́yẹ lọ. Ohun tó gbà wá ni pé ẹyin àgíríìkì tó wọ́pọ̀ jù ní ọjà wa jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ kì í sì í yé ẹyin aláwọ̀ ilẹ̀. Bí àwọ̀ náà bá jẹ́ ti èèpo fúnra rẹ̀, adìyẹ ló yé e.

Àwọn ará wa tó ń sin adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé ní Britain tàbí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ju àwa tí a wà nílé lọ. Irú adìyẹ kan wà níbẹ̀, bíi Araucana, tí ẹyin rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run, àwọn pẹ́pẹ́yẹ kan níbẹ̀ sì ń yé ẹyin aláwọ̀ ojú ọ̀run tàbí aláwọ̀ ewé pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ tiwọn, fífi ọwọ́ ra èèpo, tí mo máa ṣàlàyé níwájú, ni kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Àkókò àti ibi tí ẹ ti rí ẹyin

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ ni pé mo máa ń kó gbogbo ẹyin kúrò nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ẹyẹ tó wọlé sùn. Mo máa ń wo inú agbọ̀n, abẹ́ àká, ẹ̀yìn ìkòkò omi, àti ibi gbogbo tí koríko bá ti ga. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí mo sì rí ẹyin kí oòrùn tó yọ, mo mọ̀ pé pẹ́pẹ́yẹ ló ṣeé ṣe jù kó jẹ́, nítorí pé pẹ́pẹ́yẹ sábà máa ń yé ní òru tàbí ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n adìyẹ ń dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ dáadáa, ó sì lè yé títí di ọ̀sán. Ẹ má ṣe tètè ṣílẹ̀kùn fún pẹ́pẹ́yẹ. Bí ẹ bá sé wọn mọ́lé títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ẹyin wọn yóò wà nínú ilé tiwọn, ẹ kò sì ní máa wá a kiri inú igbó.

Ní ti ibi tí ẹyin wà, pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ràn ilẹ̀. Á gbẹ́ ihò tí kò jìn, á kó ewé gbígbẹ sí i, bó bá sì ń múra àtisàba, á fa ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àyà rẹ̀ bo àwọn ẹyin náà mọ́lẹ̀ kó tó jáde lọ jẹun. Bí ẹ bá rí ẹyin tí ìyẹ́ bò bẹ́ẹ̀, tí ìtẹ́ náà sì gbòòrò, ti pẹ́pẹ́yẹ ni ìtẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìtẹ́ ni mo wí. Adìyẹ a máa yé sí ìtẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, pàápàá bó bá bá ẹyin níbẹ̀. Ọ̀nà yẹn gan-an ni ẹyin adìyẹ àti ti pẹ́pẹ́yẹ fi dàpọ̀ nílé wa lọ́dún náà lọ́hùn-ún.

Ojú àti ọwọ́

Ẹ gbé ẹyin náà lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ wà, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná pupa. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sábà máa ń dọ̀tí ju ti adìyẹ lọ, nítorí ẹsẹ̀ tútù ni pẹ́pẹ́yẹ fi ń wọ ìtẹ́. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹrẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá rò pé àwọ̀ ilẹ̀ kan wà lára rẹ̀, ẹ fi ìka tó tutù ra ojú kan péré: ẹrẹ̀ yóò ṣí, funfun yóò sì hàn nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ẹyin àgíríìkì yóò dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ lè kun ọwọ́ bí ẹyin náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Ẹ má ṣe wẹ ẹyin tí ẹ fẹ́ fi sàba nínú omi, nítorí ohun kan wà tó bo èèpo rẹ̀ tó ń dènà kòkòrò àrùn, omi sì ń fọ̀ ọ́ dànù.

Ohun tó bo èèpo yìí gan-an ni ìka yóò fi mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀kọ́ tí Màmá fi kọ́ mi rèé. Wọ́n ní kí n di ojú mi, wọ́n sì fi ẹyin méjì sí mi lọ́wọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n ní, "Fi àtàǹpàkò ra wọ́n lọ́ra-lọ́ra. Má tẹ̀ ẹ́." Ti ọwọ́ ọ̀tún gbẹ, kò sì dán lábẹ́ ìka mi, bí ẹfun, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń dún wìì-wìì díẹ̀ bí mo ti ń ra á. Ti ọwọ́ òsì ń yọ̀. Kì í ṣe bí ohun tí wọ́n da epo sí, bí kò ṣe bí àbẹ́là tí èèyàn fọwọ́ pa, tó dán tó sì mú ìka díẹ̀ nígbà kan náà. Mo ní ti ọwọ́ òsì ni ti pẹ́pẹ́yẹ, òun náà ni. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá pẹ̀lú ẹyin tí ẹ mọ ìyá rẹ̀ dájú, ọwọ́ yín yóò sì mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo àmì, èyí ni mo fọkàn tán jù. Ẹyin tí wọ́n bá ti fi ọṣẹ fọ̀ nìkan ni kò ṣeé dán wò lọ́nà yìí, nítorí dídán náà ti lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n kékeré tí àwọn alákàrà òyìnbó ń lò tó fún un. Ẹni tí kò bá ní ìwọ̀n lè gé páálí, kó mú ẹyin pẹ́pẹ́yẹ kan tó dá a lójú, kó gé ihò yípo tí ẹyin náà kò lè kọjá, ṣùgbọ́n tí ti adìyẹ rẹ̀ ń kọjá wọ̀ọ̀. Kéréètì ẹyin náà lè ràn yín lọ́wọ́: ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tó dàgbà dáadáa kì í jókòó wọnú ihò kéréètì tán, á máa yọ orí sókè, bí ẹ bá sì gbé kéréètì mìíràn lé e, òun ni yóò kọ́kọ́ fọ́. Ẹ rántí pé pẹ́pẹ́yẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé lè yé ẹyin kékeré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ẹ má sọ pé ti adìyẹ ni ẹyin kékeré tó ń yọ̀ bí àbẹ́là kìkì nítorí pé ó kéré.

Ní ti ìrísí, bóyá ó gùn tàbí ó rí roboto, èmi kì í wò ó mọ́. Ẹyin gígùn àti ẹyin roboto wà lọ́dọ̀ ẹyẹ méjèèjì.

Bí ẹ bá ń sin awó pọ̀ mọ́ wọn, ẹyin tirẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ le gidi, ṣóńṣó rẹ̀ mú, àmì wínníwínní sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Kò yẹ kó rú ẹnikẹ́ni lójú pẹ̀lú ti pẹ́pẹ́yẹ.

Iná àti omi

Nígbà tó bá ṣú, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ mọ́, ẹ fi ọwọ́ ká orí rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa tú jáde, kí ẹ sì gbé ìdí ẹyin lé e. Ẹyin adìyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ yóò pọ́n rokoṣo, ihò wínníwínní inú èèpo rẹ̀ yóò sì máa tàn bí ìràwọ̀. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí kò ní àwọ̀ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá dáadáa, òjìji pupa ńlá inú rẹ̀ sì máa ń hàn. Àmọ́ ẹyin adìyẹ funfun náà lè mọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà iná kò tó láti fi dá ẹjọ́. Iṣẹ́ tí iná mọ̀ ọ́n ṣe jù ni láti fi hàn bóyá ọmọ wà nínú ẹyin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹyẹ ti sàba lé e.

Àwọn kan ń ju ẹyin sínú omi láti fi mọ ìyàtọ̀. Omi kò lè sọ ẹyẹ tó yé ẹyin. Bí ẹyin bá ti pẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì máa léfòó, ìbáà jẹ́ ti pẹ́pẹ́yẹ, ìbáà jẹ́ ti adìyẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́

Ẹyin tí ẹ bá fọ́ fún jíjẹ yóò fi ara rẹ̀ hàn. Etí abọ́ lẹ́ẹ̀kan ti tó fún ti adìyẹ, ṣùgbọ́n ti pẹ́pẹ́yẹ gba kí ẹ lù ú tagbára-tagbára, awọ fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè ní láti fi èékánná ya á. Pupa rẹ̀ tóbi ju ti adìyẹ lọ bí a bá fi wé funfun rẹ̀, bí ẹ bá sì sè é, funfun náà á le ju ti adìyẹ lọ, á máa fà díẹ̀ lẹ́nu. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ wo inú èèpo: inú èèpo ẹyin aláwọ̀ ilẹ̀ funfun, nítorí ìta nìkan ni àwọ̀ yẹn ń wà, ṣùgbọ́n èèpo aláwọ̀ ojú ọ̀run ń ní àwọ̀ náà nínú àti lóde.

Mo bẹ̀ yín, ẹ sè é jinná. Ìtẹ́ pẹ́pẹ́yẹ a máa tutù, a sì máa dọ̀tí, kòkòrò àrùn Salmonella sì lè gba bẹ́ẹ̀ wọnú ẹyin. Ní ọdún 2010, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Britain tọpasẹ̀ irú àrùn bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Kí pupa àti funfun rẹ̀ le tán kí ẹ tó fún ọmọdé, aláboyún tàbí àgbàlagbà jẹ. Nítorí pé ó tóbi, ó yẹ kó pẹ́ lórí iná ju ti adìyẹ lọ. Ẹni tó bá sì ń tà á gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà pé ti pẹ́pẹ́yẹ ni, nítorí ẹni tí yóò fi ṣe kéèkì tàbí tí ẹyin kan kì í bá lára mu ní láti mọ̀.

Àmì pẹ́ńsù, àti sísàba

Mo so pẹ́ńsù kan mọ́ òwú, mo sì gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé àwọn ẹyẹ, nítorí pé ohun tí kò bá sí nítòsí, èèyàn kì í lò ó. Bí mo bá ti mú ẹyin, mo máa ń kọ P sí ìdí ti pẹ́pẹ́yẹ àti A sí ti adìyẹ, mo sì máa ń kọ ọjọ́ tí mo rí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù kì í ba ẹyin jẹ́. Ẹyin tí kò bá dá mi lójú, mo máa ń fi àmì ìbéèrè sí i, mo sì máa ń gbé e lọ sí ilé ìdáná, nítorí ẹyin tí a kò mọ ìyá rẹ̀ kò yẹ lábẹ́ ẹyẹ tó ń sàba.

Ó sàn jù kí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sàba lórí irú ẹyin kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fẹ́ kí adìyẹ bá yín pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ẹyin mẹ́fà sí méje ni kí ẹ kó sábẹ́ adìyẹ ìbílẹ̀, nítorí ara rẹ̀ kò lè bo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sún mọ́ ọn, nítorí ọjọ́ 35 pọ̀ fún adìyẹ tí ara rẹ̀ mọ 21, ó sì lè rù gidi. Pẹ́pẹ́yẹ fúnra rẹ̀ a máa padà sórí ẹyin pẹ̀lú ìyẹ́ tútù, nítorí náà bí adìyẹ ló bá ń sàba, ẹ máa wọ́n omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ sí àwọn ẹyin náà lára nígbà tó bá jáde lọ jẹun, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn.

Bó bá di dandan kí ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ kọ́kọ́ kó ti pẹ́pẹ́yẹ olójú pupa sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ 14 kí ẹ tó fi ti adìyẹ kún un, kí gbogbo wọn lè pa ní àkókò kan náà. Bó bá jẹ́ ti pẹ́pẹ́yẹ tí ń ké kuá-kuá ni, ọjọ́ méje ni kí ẹ kà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kó wọn sí i sára ògiri tàbí sínú ìwé, kí ẹ má fi sí orí nìkan.

Bí ìyá bá sì kó ọmọ jáde tí ẹyin kù nínú agbọ̀n, ẹ má tíì pè é ní òbu. Ẹ gbé e wò, ẹ wo lẹ́tà tó wà ní ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ P ni, tí ọjọ́ 35 kò sì tíì pé, ẹ fi aṣọ gbígbóná wé e lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wá adìyẹ tàbí pẹ́pẹ́yẹ mìíràn tó ń sàba tí ẹ lè kó o sí lábẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.